Ọmọ kékeré tó ń kólòlò: ìgbà wo la ń dúró, ìgbà wo la ń wá ìtọ́jú?

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Òwe yìí ni àwọn àgbà ilé sábà fi ń tu ìyá nínú nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ti ń sọ̀rọ̀ geere tẹ́lẹ̀, bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Òwe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Nínú ọmọ mẹ́rin tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, nǹkan bíi mẹ́ta ni yóò bọ́ nínú rẹ̀ láìgba ìtọ́jú kankan. Ìkẹrin ni yóò gbé e dàgbà. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú, kò sì sí oníṣègùn tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú òbí: kí ó dúró lásán, kí ó dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí ó tún bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ṣe, tàbí kí ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní speech therapist nílé ìwòsàn. Ká tó gbé wọn sórí ìwọ̀n, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n.

Òṣùwọ̀n

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìkólòlò ni. Gbogbo ọmọ tó ń kọ́ èdè ló máa ń ta gẹ́gẹ́: "Mo fẹ́, mo fẹ́, mo fẹ́ lọ síta", tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, kí ó jù ú nù, kí ó mú òmíràn. Ìyẹn kì í ṣe ìkólòlò. Ìkólòlò gan-an pín sí mẹ́ta. Ó lè tún ìró tàbí sílébù kan sọ léraléra, "bà-bà-bà-bàbá". Ó lè fa ìró kan gùn, "mmmmmàmá". Ọ̀rọ̀ sì lè há: ẹnu ti ṣí, ọrùn ti le, ohùn ò jáde. Ẹ̀kẹta yìí wúwo ju àkọ́kọ́ lọ.

Yorùbá rọrùn láti kà fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbọ́ ni sílébù kan: "Mo fẹ́ jẹ dòdò", márùn-ún péré. Ẹ fi fóònù gba ohùn ọmọ nígbà tó bá ń ṣeré, kí ẹ ka ọgọ́rùn-ún sílébù. Bí ó bá há, tó tún ìró sọ, tàbí tó fa ìró gùn ní ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 yẹn, ìkólòlò ni. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé ọjọ́ kan lè tan yín jẹ. Ẹ má sì ka "kíákíá" tàbí "díẹ̀díẹ̀" mọ́ ọn o, gírámà nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni oṣù tó ti lò. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ó ti ń pẹ́ sí i ni ìrètí pé yóò lọ fúnra rẹ̀ ń dín kù, pàápàá bí ó bá ti kọjá ọdún kan tí kò sì rọ̀. Ọjọ́ orí tó fi bẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀: ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀ wà nínú ewu ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méjì lọ. Ọmọkùnrin wà nínú ewu ju ọmọbìnrin lọ. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po méjì àwọn obìnrin lọ, ṣùgbọ́n láàárín àwọn àgbàlagbà, ọkùnrin mẹ́rin ni sí obìnrin kan. Àwọn ọmọbìnrin ló ti bọ́ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọmọ náà kò bá tíì lè pe àwọn ìró tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀, ìyẹn náà kún un.

Ọ̀rọ̀ ìdílé fẹ́ àlàyé díẹ̀. Ẹ má kàn béèrè pé "ta ló kólòlò rí nílé wa?" Ẹ béèrè pé ta ló ṣì ń kólòlò títí di òní. Bí àbúrò bàbá bá kólòlò ní kékeré tó sì fi í sílẹ̀, ewu tí ìyẹn gbé wá kéré, torí pé bíbọ́ nínú rẹ̀ náà máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá bá ṣì ń kólòlò ní ogójì ọdún, ẹ fi ìlà sí i nídìí. Ní 2015, inú ìdílé ńlá kan ní Kamẹrúùnù, tí kò jìnnà sí wa, ni àwọn onímọ̀ ti rí jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) tí wọ́n ń pè ní AP4E1, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tó ní ọwọ́ nínú ìkólòlò. Nítorí náà, kí ẹni tó ń sọ pé ọmọ yìí sín akólòlò kan jẹ ló fi rí bẹ́ẹ̀ fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀.

Èyí tó borí gbogbo rẹ̀ ni bó ṣe ń rí lára ọmọ. Ọmọ tó ń di ojú pọ̀, tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, tó ń bo ẹnu, tó ń sọ pé "mi ò lè sọ ọ́", tàbí tó ti ń yàn láti dákẹ́, kò ní oṣù kankan láti dúró, ìbáà ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀.

Owó, ọ̀nà jíjìn àti àyè òbí ló kẹ́yìn, wọ́n sì máa ń pinnu irú ìtọ́jú tó ṣeé ṣe ju bí àwọn ìwé ìtọ́jú ṣe ń gbà lọ.

Dídúró lásán

Kò ná ni ní kọ́bọ̀, ó sì "ṣiṣẹ́" fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ìdí nìyẹn tí òwe fi dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ọjọ́ ìparí. Bí ọmọ bá di ọdún márùn-ún, tí olùtọ́jú bá béèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìyá á ní "ó tó ìgbà díẹ̀", bàbá á ní "àbí ọdún Iléyá tó kọjá ni?" Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì ti sọ ọ́ ní orúkọ. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti yan ọ̀nà yìí, pẹ̀lú pé ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin yóò yege nínú rẹ̀.

Dídúró pẹ̀lú ìwé

Owó ìwé àjákọ kan ni iye rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Lálẹ́ ojoojúmọ́, nígbà tí ọmọ bá ti sùn, ẹnì kan ṣoṣo (kì í ṣe ìyá lónìí, àǹtí lọ́la) ni kó kọ nọ́ńbà kan láti 0 dé 9. 0 ni ọjọ́ tí kò há rárá. 1 ni ọjọ́ tó há ṣùgbọ́n àlejò kò ní fura. 9 ni èyí tó le jù lọ tí ẹ lè fọkàn yàwòrán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ẹ kọ ohun kan: ó rẹ̀ ẹ́, àlejò wá, ó ṣàìsàn, a rìnrìn àjò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gba ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi tó ti ń ṣeré.

Ìdí tí ìwé fi ṣe pàtàkì ni pé ìkólòlò ọmọdé máa ń lọ bí ìgbì omi. Ó lè le fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó rọ̀ débi pé ẹ ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ á máa fi ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣèdájọ́. Ẹni tó kọ ọ́ á fi ìpíndọ́gba oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá.

Ọjọ́ ìparí nìyí: bí ọmọ kò bá ní ewu ìdílé, tí kò dùn ún, tí nọ́ńbà sì ń wálẹ̀, ẹ lè dúró fún oṣù 12. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin, tí akólòlò àgbàlagbà wà nílé, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀, kí oṣù mẹ́fà bá yín lẹ́nu ọ̀nà olùtọ́jú. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú kò fi hàn pé dídúró ọdún kan láti ìbẹ̀rẹ̀ mú kí ìtọ́jú ṣòro lẹ́yìn náà, nítorí náà kò yẹ kí ẹ̀rù ba òbí tó ń kọ ìwé rẹ̀ déédéé. Ààlà tí kò ṣeé rékọjá ni ọdún márùn-ún ọmọ, kí ìtọ́jú lè rí ọdún kan kó tó pé mẹ́fà.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: òbí tó ń ka ìkólòlò sókè níṣojú ọmọ, àti òbí tó jókòó ní Sátidé láti fi ìrántí kún ọjọ́ méje. Nọ́ńbà Sátidé ni gbogbo méje yóò jọ.

Títún ilé ṣe

Èyí kì í dá dúró; ó yẹ kó bá ọ̀nà kejì rìn. Kì í ṣe ilé ló ń fa ìkólòlò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ru ìyá. Ṣùgbọ́n ilé lè mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn jáde tàbí kí ó há sí i.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiyín falẹ̀ díẹ̀. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ ka ení, èjì nínú kí ẹ tó dáhùn. Ẹ dín ìbéèrè kù: dípò "Kí lo ṣe ní iléèwé? Ta lo bá ṣeré? Ṣé o jẹun tán?", ẹ sọ pé "Mo rí i pé amọ̀ wà lára ṣòkòtò rẹ", kí ẹ sì dákẹ́. Nínú ilé tí èèyàn pọ̀, ẹ fi ìdí àṣà kan lélẹ̀ pé ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà fi ń ṣàánú, "farabalẹ̀", "mí kanlẹ̀", "tún un sọ dáadáa", kò ràn án lọ́wọ́; ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú wọn ni pé mo ti ṣe ohun kan tí kò dára. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀. Ìkíni wa náà tún wà níbẹ̀: àlejò wọlé, wọ́n ti ọmọ síwájú, "Ṣé o ò ní kí Dádì ni?" Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá le, jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ẹ sì bá a kí wọn. Ẹ̀kọ́ ilé ò bàjẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ Bíbélì tàbí súrà tí wọ́n ní kó kà níwájú gbogbo èèyàn lè dúró.

Ohun kan tí àwọn òbí ní Lọ́ńdọ̀n àti Houston máa ń ṣe, tí àwọn ará Lẹ́kkí náà ti ń kọ́, ni kí wọ́n gbé Yorùbá jù sílẹ̀ nítorí pé èdè méjì "ti pọ̀ jù" fún ọmọ. Èdè méjì kì í fa ìkólòlò, jíjá ọ̀kan sílẹ̀ kì í sì wò ó. Ohun tí ẹ ó rí ni ọmọ tó ń kólòlò ní èdè kan ṣoṣo, tí kò sì lè bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lílọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú

Ẹ kọ́kọ́ ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú. Àyẹ̀wò kì í sábà ju ìbẹ̀wò kan tàbí méjì lọ. Olùtọ́jú lè wo ìwé yín kó sì ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ lọ. Ìyẹn kì í ṣe owó òfò, torí pé ojú tó mọ̀ ọ́n ti bá yín wò ó.

Bí ó bá di ìtọ́jú, ìlànà méjì ni ẹ ó gbọ́ jù. Àkọ́kọ́ ni Lidcombe, tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò kan ní Sydney sọ, ní Ọsirélíà. Òbí ló ń ṣe é, olùtọ́jú ló ń kọ́ ọ. Ẹ ó máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nílé ẹ ó máa bá ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lójúmọ́, pẹ̀lú eré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú kí ó má baà há. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde geere, ẹ yìn ín: "Ó dán!", "Ìyẹn lọ geere!" Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó bá há, ẹ sọ jẹ́jẹ́ pé "ìyẹn há díẹ̀" tàbí kí ẹ ní kó tún un sọ. Ó kéré tán, ìyìn márùn-ún sí àkíyèsí kan. Nọ́ńbà 0 sí 9 tí a sọ ṣáájú náà ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹni tó ti ní ìwé ti ṣe ìdá kan iṣẹ́ náà. Nígbà tí nọ́ńbà bá wà ní 0 àti 1 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ìbẹ̀wò á máa jìnnà síra: ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí dé 16. Apá kejì yìí ni àwọn òbí máa ń sá fún, wọ́n á ní ara ọmọ ti yá. Ibẹ̀ ni ìkólòlò ti ń padà wọlé.

Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 54 ní New Zealand, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án ìkólòlò dín kù pẹ̀lú 77 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó gba Lidcombe, àti 43 láàárín àwọn tí kò gbà á. Ẹ wo nọ́ńbà kejì yẹn dáadáa: dídúró náà ń ṣiṣẹ́, ìtọ́jú ló yára tó sì jinlẹ̀ jù ú.

Ẹ má gbìyànjú Lidcombe láti orí fídíò íntánẹ́ẹ̀tì láìsí olùtọ́jú. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé òbí á di ọlọ́pàá ọ̀rọ̀: àkíyèsí márùn-ún, ìyìn kan.

Ìkejì ni Palin PCI (Parent-Child Interaction, ìbáṣepọ̀ òbí àti ọmọ), láti Michael Palin Centre, ibi ìtọ́jú ìkólòlò ní Lọ́ńdọ̀n. Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọmọ ní tààrà níbẹ̀rẹ̀. Òbí á máa ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkànṣe pẹ̀lú ọmọ, ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún lọ́sẹ̀, láìsí fóònù, láìsí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ló ń yan eré. Wọ́n á gba fídíò, òbí á wo ara rẹ̀, á sì fúnra rẹ̀ mú ohun kan tó fẹ́ tún ṣe, bíi kí ó dúró díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ìbẹ̀wò mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé, kí wọ́n tó padà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bàbá àti ìyá bá wà ńlé, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fẹ́.

Èwo ló dára jù? Ní Nẹ́dálándì, wọ́n fi Lidcombe wé ìlànà míì tó jọ Palin ní ti pé àyíká ọmọ ló ń tún ṣe, láàárín ọmọ 199. Lẹ́yìn oṣù 18, ó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò kólòlò mọ́ ní ìhà méjèèjì. Nítorí náà, ẹ fi àyè yín yàn. Lidcombe ń fẹ́ ẹnì kan náà lójoojúmọ́. Palin ń fẹ́ àsìkò díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí òbí lè wo ara rẹ̀ nínú fídíò láìbínú.

Owó: kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè iye ìbẹ̀wò kan, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ fún 15 sí 20 ìbẹ̀wò bó bá jẹ́ Lidcombe, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ lójú ọ̀nà nítorí pé ìbẹ̀wò kan ni wọ́n ṣírò. Ìtọ́jú orí fídíò kọ̀ǹpútà dín owó ọkọ̀ kù, ìdánwò lórí Lidcombe sì fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ bíi ti ojúkojú; iná àti dátà ni ọ̀tá rẹ̀ nílẹ̀ wa.

Ní Nàìjíríà, àwọn iléèwòsàn fásitì ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè, irú UCH ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Olùtọ́jú tó gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board. Ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà mélòó lo ti tọ́jú fún ìkólòlò? Ṣé èmi náà á wà nínú yàrá? Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kí ẹ padà wá mú un, ẹ wá ẹlòmíràn. Ní Bìrìtìkó, NHS, ètò ìlera ìjọba, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò òbí lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà máa ń gùn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ bí ìkólòlò bá ti pé oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì máa kọ ìwé lọ lórí ìlà. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Early Intervention ló wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Láti ọdún mẹ́ta, agbègbè iléèwé ìjọba ni ẹ ó kọ̀wé sí fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, bí ọmọ kò tilẹ̀ tíì máa lọ síbẹ̀.

Gígé abẹ́ ahọ́n, dídẹ́rù ba ọmọ, lílù ú, àti oògùn mímu kò sí lórí ìwọ̀n yìí rárá. Dieffenbach, oníṣẹ́ abẹ ní Jámánì, ti gé ahọ́n àwọn akólòlò ní 1841. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí, wọn ò rí ìwòsàn.

Ta ló yẹ kó yan èwo

Ọmọbìnrin ọdún méjì ààbọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó ń sọ̀rọ̀ lọ láìbìkítà, tí kò sí akólòlò nílé: ìwé àti títún ilé ṣe, títí oṣù 12.

Ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ, tí bàbá rẹ̀ ṣì ń kólòlò: àyẹ̀wò báyìí, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ bí nọ́ńbà kò bá wálẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà. Bí ìyá bá ń jáde lọ ọjà ní ìdájí tó sì ń wọlé lálẹ́, Palin bá a mu jù. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ṣeé rí. Bí ẹnì kan bá wà nílé tó lè jókòó lójoojúmọ́, Lidcombe.

Ọmọ tó ń sunkún, tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ tàbí tó ti ń dákẹ́: ọ̀sẹ̀ yìí, iye oṣù kò kan.

Ọmọ tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú tó fi orí gbá, lẹ́yìn gìrì, tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ: iléèwòsàn lónìí. Kì í ṣe olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ ń wá.

Ọmọ tó ti pé mẹ́fà tó sì ń kólòlò láti mẹ́ta: àkókò dídúró ti kọjá. Ìtọ́jú ọmọ iléèwé yàtọ̀, ó ń pẹ́ sí i, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ẹ lọ bá olùkọ́ kí sáà tó wọlé, kí ẹ bá a ṣàdéhùn pé bí wọ́n bá ń kàwé sókè, ọmọ ni yóò nawọ́ sókè fúnra rẹ̀.